Àgbá: Ọ̀rọ̀ Kan, Ẹrù Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé wá lónìí kò ju sílébù méjì lọ: àgbá. Ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí sílébù àkọ́kọ́, ohùn òkè wà lórí èkejì. Ẹni tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀ ti kúrò lórí ohun èlò, ó ti bọ́ sórí àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kéré. Ìyá tó ń se ẹyìn ní ẹbu ń koná sábẹ́ àgbá. Wẹ́dà ń la àgbá sí méjì fún ẹni tó fẹ́ máa sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì lójú títì. Àwọn ológun ń yin àgbá níbi ayẹyẹ ìjọba. Olùka-ìròyìn ń sọ iye dọ́là tí wọ́n ń ta àgbá epo rọ̀bì kan. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú wọn ní lọ́kàn yàtọ̀ síra gidigidi.

Òwò ló fà á. Ohun tí ará ìlú ń tà àti ohun tí wọ́n ń rà ní sáà kọ̀ọ̀kan ló ń wọ inú àgbá, ohun náà ló sì ń fi ìtumọ̀ kún ìtumọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà epo pupa dé ìgbà epo rọ̀bì yóò rí ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún méjì. Yóò sì tún rí ìdí tó fi yẹ kí olúkúlùkù máa bèèrè ohun tó ti gbé inú àgbá rí kó tó pọn omi sí i.

Kí àgbá tó dé, Yorùbá kò ṣaláìní ohun ìpamọ́. Àmù wà fún omi mímu. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n máa ń jẹ́ kí omi díẹ̀ máa là sí ara rẹ̀, bí atẹ́gùn bá sì ti ń gbẹ omi yẹn ni èyí tó wà nínú ń tutù. Orù wà, agbè àti akèrègbè wà fún ẹmu àti epo. Ládugbó, ìkòkò ràgàjì tí apá ẹnì kan kò ká, wà fún àwọn aláró. Iṣẹ́ ọlọ́nà ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Àléébù tí wọ́n pín ni pé wọ́n ń fọ́. Alárùú tó bá fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú ti pàdánù epo, ó ti pàdánù ìkòkò.

Àgbá onípákó kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kàn án, igi óákù ni wọ́n sì ń lò jù ní Yúróòpù. Wọ́n á to pákó náà yíká, wọ́n á fi iná àti omi tẹ̀ ẹ́ kí àárín rẹ̀ lè yọ síta, wọ́n á sì fi òrùka irin há gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìṣó kò wọ ojú ìdàpọ̀ pákó náà, àtè kò kàn án. Bí omi tàbí ọtí bá wọ inú rẹ̀, pákó á mu díẹ̀, á wú, ojú ìdàpọ̀ á sì dí pinpin.

Ikùn tó yọ yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Bí wọ́n bá dá àgbá dùbúlẹ̀, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè yí ẹrù tí ènìyàn mẹ́ta kò lè gbé, tó sì lè darí rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì láìlàágùn púpọ̀. Ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó wọ́pọ̀, àwọn ọkùnrin máa ń yí àgbá tó kún fún kòkó lórí ilẹ̀ títí tí wọn yóò fi yí i dé ibi tí wọ́n ti ń kó o lọ sí etí òkun.

Òwò epo pupa ló fẹsẹ̀ àgbá múlẹ̀ ní etíkun Yorùbá. Ní 1807 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn wọn. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, òǹgbẹ epo ń gbẹ àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: epo tí wọn yóò fi ṣe ọṣẹ, èyí tí wọn yóò fi ṣe àbẹ́là, àti èyí tí wọn yóò fi pa irin ẹ̀rọ kó lè máa yí geerege. Liverpool ni èbúté tí púpọ̀ nínú epo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gúnlẹ̀ sí. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá kó epo kò ní àyè tí wọn yóò fi kó odidi àgbá òfìfo, nítorí náà, pákó tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì dì ní ìdì-ìdì ni wọ́n máa ń kó wá. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ àgbá kàn á tò ó pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀.

Epo fúnra rẹ̀ ń ti oko bọ̀ nínú ìkòkò àti agbè, lórí àwọn alárùú àti nínú ọkọ̀ ọ̀sà. Ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Àjàṣẹ́, wọ́n á tú u sínú àgbá. Ibẹ̀ gan-an ni òwò ìyá olóko ti ń pàdé òwò òkèèrè: ìkòkò ni òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta epo lójú ọjà, àgbá ni òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọ ọkọ̀ òkun.

Ẹfúnróyè Tinúubú, gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó àti Abẹ́òkúta, mọ ọ̀nà méjèèjì tí àgbá ń tọ̀. Epo pupa wà lára ohun tó ń tà fún àwọn òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù sì wà lára ohun tó ń rà lọ́wọ́ wọn. Inú àgbá kéékèèké ni wọ́n ń kó ẹ̀tù sí kí omi òkun má baà bà á jẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1864, ohun ìjà tí Tinúubú pèsè wà lára ohun tí àwọn Ẹ̀gbá fi lé wọn padà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Àgbá epo ń jáde, àgbá ẹ̀tù ń wọlé: òwò méjèèjì ló gbé e dé ipò náà.

Ẹ̀tù ló mú ìtumọ̀ kejì wá sójú ọ̀nà. Àgbá náà ni Yorùbá ń pe ìbọn ńlá tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó yìn ín, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìbọn àgbá. Ìbátan tó wà láàárín irú ìbọn bẹ́ẹ̀ àti àgbá onípákó jinlẹ̀ ju kí àwọn méjèèjì kàn rí róbótó lọ. Ní Yúróòpù àtijọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe ìbọn ńlá bí àwọn oníṣẹ́ àgbá ṣe ń ṣe àgbá gẹ́lẹ́: wọ́n á to ọ̀pá irin yíká, wọ́n á sì fi òrùka irin gbígbóná há a, tí òrùka náà á sì fún mọ́ ọn bó bá ti ń tutù. Ọ̀kan nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, Mons Meg, tí wọ́n ṣe ní 1449, ṣì wà ní ààfin olódi ti Edinburgh ní Scotland.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ àgbá di ọ̀rọ̀ ìtàn ní òpin ọdún 1851. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ yọ Ọba Kòsọ́kọ́ lórí oyè kí wọ́n sì dá Akítóyè padà sí ààfin. Ìkọlù wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kọkànlá kò yọrí sí rere fún wọn, nítorí àwọn ará Èkó ti múra sílẹ̀ ní etí ọ̀sà pẹ̀lú ìbọn àti àgbá tiwọn. Ní ọjọ́ 26 àti ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì yin àgbá lu ìlú títí iná fi ń ran láti òrùlé dé òrùlé. Kòsọ́kọ́ fi Èkó sílẹ̀, ó sì forí lé Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará ìlú kò fi orúkọ ọ̀gágun òyìnbó kankan pe ogun yìí. Ohun tí etí wọn gbọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́: Ogun Àgídìngbì, ìró àgbá tó ń bú lọ́tùn-ún lósì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà òwò epo sì wà lára ohun tí wọ́n ń wá.

Ìtumọ̀ kẹta ni ti epo rọ̀bì, Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1859, kànga tí Edwin Drake ń gbẹ́ ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kan epo. Láìpẹ́, kànga pọ̀ ní agbègbè náà débi pé kò sí ohun èlò tó tó láti rọ epo sí. Ohunkóhun tó bá ti ń jẹ́ àgbá ni wọ́n ń kó jọ, títí kan àgbá ọtí wisikí. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, olùtà àti olùrà sì ń bá ara wọn ṣe awuyewuye lójoojúmọ́. Ní 1866, àwọn oníṣòwò epo ibẹ̀ fẹnu kò pé gálọ́ọ̀nù 40 ni àwọn yóò máa gba owó rẹ̀, àwọn yóò sì fi gálọ́ọ̀nù 2 ṣe ènì fún olùrà nítorí epo tó ń jò tó sì ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Bí 42 ṣe dé nìyẹn. Ènì tí ìyá alágbàdo ń fi lé ọjà fún oníbàárà rẹ̀ ló wà nínú òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń ta epo rọ̀bì títí di òní. Iye náà kò sì ṣàjèjì sí àwọn tó ń kan àgbá, torí láyé Ọba Richard Kẹta ní England, láàárín 1483 àti 1485, òfin ti fi gálọ́ọ̀nù 42 lélẹ̀ fún irú àgbá wáìnì kan.

Gálọ́ọ̀nù 42 ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí lítà 159. Òun ni olùka-ìròyìn ń tọ́ka sí. Ní 1956 ni ilé iṣẹ́ Shell-BP kan epo ní Oloibiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní, ní 1958 sì ni epo rọ̀bì Nàìjíríà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àgbá kò ti kúrò lẹ́nu àwọn tó ń ṣírò ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè yìí. Àmọ́ epo náà kì í fojú kan àgbá. Inú páìpù ló ń gbà láti ìdí kànga, inú ọkọ̀ òkun ràbàtà ló ń wọ̀, ẹ̀rọ ló sì ń ka iye rẹ̀. Òṣùwọ̀n lásán ni àgbá inú ìròyìn.

Àgbá irin tó dúró lẹ́yìn ilé kì í ṣe ìwọ̀n yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ gba nǹkan bí lítà 200, ó sì fi bí lítà 40 ju àgbá inú ìròyìn lọ. Olùgbọ́ tó bá fẹ́ fojú inú wo iye epo tí wọ́n ń kà lórí rédíò gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn.

Àgbá irin yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1905, Henry Wehrhahn gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí àgbá irin kan tó ní òrùka yíká ara. Ilé iṣẹ́ Iron Clad ló ń bá ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń darí ilé iṣẹ́ náà ni Elizabeth Seaman, akọ̀ròyìn tí ayé mọ̀ sí Nellie Bly, ẹni tó yí ayé po ní ọjọ́ 72 láàárín 1889 àti 1890. Òrùka tó yọ lára àgbá irin ń fún un lágbára kó má baà tẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ikùn àgbá onípákó ń ṣe, nítorí orí òrùka yẹn ló ń yí.

Irú àgbá bẹ́ẹ̀ dé erékùṣù Trinidad lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì di ìlù níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1880 ni ìjọba amúnisìn ti ń fi òfin ká àwọn adúláwọ̀ lọ́wọ́ kò lórí ìlù awọ. Àwọn ọ̀dọ́ mú ọparun, wọ́n ń lù ú mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n mú agolo. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1940, wọ́n ti ń fi òòlù lu ìdí àgbá epo wọnú títí tí ibi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ fi ń mú ohùn tirẹ̀ wá. Ellie Mannette wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó gbé iṣẹ́ náà ga. Ní òkè Laventille, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port of Spain, ibi tí ìlù irin náà ti gbèrú, ìlù òrìṣà ń dún fún Ṣàngó àti Ògún, ogún tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé sọdá òkun. Ní 1992, ìjọba Trinidad àti Tobago kéde ìlù irin náà gẹ́gẹ́ bí ohun èlò orin orílẹ̀-èdè wọn.

Nílé, àgbá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìkòkò. Òun ni wọ́n ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ kí ó gba omi òjò. Òun ni àwọn onílé ẹbu ń fi se ẹyìn, torí ó gba púpọ̀, iná kò sì tètè jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ aláró ní Abẹ́òkúta ti fi í rọ́pò ìkòkò aró. Àwọn tó ń ṣe títì ń gba ọ̀dà nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ń rọ yanrìn kún inú rẹ̀ láti fi dábùú ọ̀nà. Àgbá oníke ti wá pọ̀ lójà báyìí, ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò yí padà.

Lílò kan wà tí àwọn àgbàlagbà kò lè gbàgbé. Ní 1970 ni ìjọba ológun gbé òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún náà jáde, èyí tó fi ikú ṣe ìjìyà adigunjalè. Ní 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní gbangba ní etí òkun Bar Beach ní Èkó. Àgbá tí wọ́n rọ yanrìn kún ni wọ́n tò sẹ́yìn wọn kí ọta má baà ré kọjá. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí wọ́n bá sọ pé wọ́n so ẹnì kan mọ́ àgbá, ìtumọ̀ rẹ̀ yé gbogbo ènìyàn.

Yorùbá ní òwe kan pé àgbá òfìfo ní ń ró wọnwọn. Ẹni tí kò ní làákàyè tó ń pariwo ni wọ́n ń pa á mọ́. Àgbá gidi ńkọ́? Èyí tó bá ti gbé epo tàbí kẹ́míkà rí kì í ṣófo bí ojú ṣe ń rò. Nínú àgbá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti dà gbẹ, ooru epo ṣì ń bẹ. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, ó lè bú gbàù. Àgbá bẹntiróòlù òfìfo tilẹ̀ léwu lọ́wọ́ wẹ́dà ju èyí tó kún lọ, torí ooru epo tó ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ni iná ń gbà mú kíákíá.

Koko kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀kọ́ tó le jùyẹn lọ. Ìlú èbúté ni, lágbègbè àwọn Itsekiri tí èdè wọn bá Yorùbá tan, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, Delta òde òní. Láàárín 1987 àti 1988, ọkọ̀ òkun kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá síbẹ̀. Wọ́n fi irọ́ kọ ìwé ẹrù náà, wọ́n sì tò ó jọ sí àgbàlá ilé kan. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, àwọn kan wú, àwọn kan ń jò. Lára àwọn ará ìlú tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ da ìdọ̀tí náà nù, wọ́n gbé àgbá lọ sílé, wọ́n sì ń pọn omi sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì ló ta ilé lólobó, ariwo sì sọ. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà sí Yúróòpù. Ọdún yẹn ni ìjọba ṣe òfin tó sọ kíkó ìdọ̀tí olóró wọlé di ọ̀ràn ńlá, wọ́n sì dá àjọ tí yóò máa bójú tó àyíká sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Koko wà lára ohun tó ti àwọn orílẹ̀-èdè láti fọwọ́ sí àdéhùn Basel ní 1989, àti àdéhùn Bamako tí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ní 1991.

Àgbá tí kò gbé májèlé rí pàápàá nílò àmójútó. Ẹ̀fọn tó ń gbé kòkòrò ibà pọ́njú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní yellow fever, fẹ́ràn omi tó dúró nínú ohun èlò ilé. Ara ògiri àgbá, lókè ibi tí omi dé, ló ń yé ẹyin sí. Bí omi bá gbẹ, ẹyin náà lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀, kó sì pa nígbà tí omi bá tún bò ó. Àìsàn yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àyẹ̀wò fi hàn pé ó tún ti bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. Kí onílé fi kànrìnkàn fọ ògiri inú àgbá dáadáa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì fi ìdérí tó bá a mu tàbí àwọ̀n tó dí bò ó.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra àgbá àlòkù, kó kọ́kọ́ bi olùtà léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó wo ara rẹ̀ yíká fún àmì agbárí, àmì iná, tàbí orúkọ kẹ́míkà. Èyí tó gbé òróró ìsebẹ̀ tàbí oyin wá ṣeé fọ̀ fún omi. Èyí tó gbé oògùn apakòkòrò, ásíìdì tàbí ọ̀dà wá kò ṣeé lò fún omi tàbí oúnjẹ, bó ti wù kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Bí olùtà kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn, kí olùrà fi àgbá náà sílẹ̀ fún un, kó lọ wá òmíràn. Kí ẹni tó sì fẹ́ gé àgbá epo sọ fún wẹ́dà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé epo ló wà nínú rẹ̀ rí, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì rọ omi sínú rẹ̀ kí iná tó kàn án.